Jẹ́tì tó ń léfòó láti Ṣáínà wá sí Ẹ̀pẹ́: ẹ dá sí i kí a tó sanwó

Ọmọ Etí Ọ̀sà, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará etí omi. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, tí àwa ọlọ́kọ̀ àtàwọn ìyá ẹlẹ́ja jọ ń ṣe, ti dá owó jọ fún jẹ́tì tuntun, ibi tí èrò ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Pákó tí à ń tẹ̀ báyìí ti jẹrà. Bí òjò bá pọ̀, ọ̀sà a bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ọkọ̀ a wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìyá arúgbó a máa nawọ́ kí wọ́n fà á sókè. Èyí tó ń léfòó, tó ń bá omi lọ sókè sódò, ló wù wá.

Ilé iṣẹ́ kan ní Ṣáínà ti fún wa ní iye. Kúùbù oníke ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 níbùú lóròó, 40 ní gíga, wọ́n á máa so wọ́n mọ́ra. Mítà 20 la fẹ́ kó gùn, mítà 3 ní fífẹ̀. A tún ń wá bọ́ì mẹ́rin tí a ó fi sàmì sí ojú ọ̀nà ọkọ̀, àti láìfù ráàfù méjì, ìyẹn ọkọ̀ afẹ́fẹ́ tí èèyàn lè sá wọ̀ bí ọkọ̀ bá ń rì, fún ọkọ̀ ńlá tó ń kó èrò lọ sí Èkó.

Abẹ́ kí ni Kọ́sítọ́ọ̀mù máa kà á sí? Ìwé wo ló yẹ kó wà nílẹ̀ kí owó tó jáde? Ọ̀kan nínú wa ní kí a sáà ní kí ará Ṣáínà kọ "ohun èlò ọkọ̀" sí ìwé, pé ìyẹn máa dín owó kù. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Ajẹ́ntì Tín-Káàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí ẹni yẹn lọ jókòó. "Ohun èlò ọkọ̀" kò sọ nǹkan kan. Ọ̀gá tó bá ṣí kọ̀ǹténà tó rí kúùbù oníke ló máa fún un lórúkọ fúnra rẹ̀. Orúkọ yòówù tó bá fún un, ẹ̀yin lẹ máa sanwó rẹ̀, tòun ti owó ìtanràn àti owó ilẹ̀ tí kọ̀ǹténà ń jẹ lójoojúmọ́ tí ẹ fi ń ṣàròyé.

Ojú ibi tó yẹ kó wà nínú ìwé owó ibodè ni 89.07. Káríayé ni wọ́n ń lo nọ́ńbà yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ohun tó ń léfòó tí kì í ṣe ọkọ̀ sí: ráàfù, táǹkì orí omi, bọ́ì, àmì ojú omi, jẹ́tì tó ń léfòó, títí kan táǹkì tí wọ́n ń kó ẹja tàbí edé láàyè sí nínú omi. Ráàfù tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wà ní 8907.10, ìyókù wà ní 8907.90. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n ya ráàfù yín sọ́tọ̀ nínú ínfọ́ọ̀sì, kí iye àti ìwọ̀n rẹ̀ hàn lọ́tọ̀.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀ o. Èyí tí wọ́n fi aṣọ rán, 6307.20 ni. Ẹni tó bá há a mọ́ inú kọ̀ǹténà yìí láì kọ ọ́ sílẹ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ránṣẹ́ pe wàhálà. Pọ́ńtúùnù, ìyẹn pèpéle tó ń léfòó, tó bá sì rí bí ọkọ̀, tó lè gbẹ́rù láti ibì kan dé ibòmíràn, abẹ́ 89.01 ló lè bọ́ sí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò ni pé, ṣé nǹkan yìí máa dúró lójú kan, àbí ọkọ̀ ni?

Ó kan owó, bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ ní 2025. Ẹ jẹ́ ká fi ₦10,000,000 ṣe iye ọjà pẹ̀lú owó ọkọ̀ òkun àti ìbánigbófò, kí iye ọjà lásán jẹ́ ₦8,000,000, ká sì mú un pé owó ibodè rẹ̀ jẹ́ 10%. Ìpele márùn-ún ni ECOWAS ní, 0, 5, 10, 20 àti 35. Kí ajẹ́ntì yín ṣí ojú ewé tí tiyín wà hàn yín kó tó gba kọ́bọ̀. Owó ibodè jẹ́ ₦1,000,000. 7% lórí owó ibodè yẹn, ₦70,000. CISS, owó àbójútó ọjà tó ń wọlé, 1% iye ọjà lásán, ₦80,000. Ti ECOWAS, 0.5% ₦10,000,000 yẹn, ₦50,000. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ iye ọjà di ₦11,200,000, VAT 7.5% lórí ìyẹn jẹ́ ₦840,000. Àpapọ̀ ohun tí ìjọba máa gbà jẹ́ ₦2,040,000, ẹ kò tíì san owó tẹ́míná, ẹ kò tíì háyà tírélà.

Ìṣirò yìí kì í dúró lójú kan. Ní 2025, Kọ́sítọ́ọ̀mù kéde 4% lórí iye ọjà lásán, ariwo sọ, wọ́n dá a dúró. Ti ọjọ́ tí ọjà bá dé lẹ máa san, kì í ṣe ti ọjọ́ tí ẹ ṣe ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìyẹn.

Ní ti ìwé, Form M ló ṣáájú, ìwé tí ẹ fi ń sọ fún ìjọba pé ẹ fẹ́ kó ọjà wọlé. Báńkì yín ni yóò bá yín ṣí i, kí ọjà tó wọ ọkọ̀ ni o, kì í ṣe kó ti wà lórí òkun kí ẹ tó máa sáré. Ẹ béèrè ìwé SONCAP, tó ń fi hàn pé ọjà bá ìlànà Nàìjíríà mu, lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀. PAAR, ìwé àyẹ̀wò kí ọjà tó dé, Kọ́sítọ́ọ̀mù fúnra wọn ló máa ń gbé e jáde láti ìparí 2013, òun ló máa sọ iye àti nọ́ńbà tí wọ́n gbà fún ọjà yín.

Ohun kan tó ń jẹ owó ọ̀pọ̀ èèyàn: bí ará Ṣáínà bá fún yín ní iye CIF, òun ti fi ìbánigbófò kún un nìyẹn. Òfin ìbánigbófò wa sọ pé ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni kó gba ẹrù tó ń wọlé. Ẹ ní kó yọ tirẹ̀ kúrò, kó fún yín ní iye ọjà àti owó ọkọ̀ nìkan, tí wọ́n ń pè ní C&F. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa san án.

Wẹ́dà Ìpakòdò, Ìkòròdú

Ajẹ́ntì ti sọ ti ìwé, ó ṣeun. Èmi fẹ́ sọ ti afẹ́fẹ́.

Ẹ bá mi ṣe é. Mítà 20 lọ́nà mítà 3, 60 nìyẹn. Kúùbù mẹ́rin ló ń bo mítà kan níbùú lóròó, ó di 240. Ààyè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà jẹ́ 0.1 kúbíìkì mítà, gbogbo rẹ̀ 24. Kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ 20 gba nǹkan bí 33, nítorí náà ó máa wọ inú ẹyọ kan, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ìwọ̀n rẹ̀. Kúùbù kan wúwo tó kílò 6 sí 7. Gbogbo 240 kò pé tọ́ọ̀nù méjì! Kọ̀ǹténà tó lè gbé ju 20 tọ́ọ̀nù lọ lẹ háyà láti fi gbé afẹ́fẹ́ Ṣáínà wá sí Ẹ̀pẹ́, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ọ̀sà kò tó wa.

Mi ò sọ pé kúùbù yẹn kò dáa o. Ó dáa. Bí ọ̀kan bá rì tán pátápátá, ó máa gbé nǹkan bíi kílò 93 lẹ́yìn ìwọ̀n ara rẹ̀. 240 á gbé 22 tọ́ọ̀nù. Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ kó rì tán, ẹ kà á sí ìdajì: 11. Èèyàn 60, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 75, tọ́ọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ni, tòun ti agbọ̀n ẹja. Ó máa gbé wọn wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tí ọgbọ́n wà nínú nǹkan yẹn kọ́ ni ibi tí owó ọkọ̀ ń bá lọ. Ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú pínnì tó ń so igun mẹ́rin pọ̀, nínú ojú ìdè, nínú oògùn oòrùn tí wọ́n pò mọ́ ike kó má baà fọ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Pínnì ẹgbẹ̀rún kan lè wọ inú páálí díẹ̀. Kúùbù ló ń gba ààyè. Àwọn tó ń ṣe táǹkì omi onírọ́bà níbí ní ẹ̀rọ tó ń yí ike lórí iná. Bí ẹ bá mú mólùdù, ohun tí ike máa gba ìrísí nínú rẹ̀, lọ bá wọn, tí ẹ sì ní kí wọ́n fi oògùn oòrùn kan náà tí wọ́n ń fi sí táǹkì orí òrùlé sínú rẹ̀, wọ́n á ṣe é. Mólùdù ló wọ́n. Fún jẹ́tì kan ṣoṣo kò bọ́ sí i. Bí ẹgbẹ́ Ẹ̀pẹ́, ti Ìjẹ̀dẹ́ àti ti Bàyékù bá pawọ́ pọ̀, ó yàtọ̀.

Ọ̀nà kejì: férémù irin, pákó lókè, dúrọ́ọ̀mù búlúù lítà 220 nísàlẹ̀. Férémù àti pákó á jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù mẹ́rin, fi èrò kún un, mẹ́jọ ààbọ̀. Bí dúrọ́ọ̀mù kan bá rì dé ìdajì, kílò 100 ló máa gbé. Ó di 85. Ẹ ra 90. Irin tó wà létí omi ni kí ẹ máa ṣọ́ jù: ibi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé, ìwọ̀n ìka mẹ́rin péré, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀ omi gan-an kì í tètè jẹ ẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé dúrọ́ọ̀mù kì í ṣiṣẹ́ nítorí ilé ẹ̀kọ́ orí omi ti Mákòkó. Wọ́n kọ́ ọ parí ní 2013, dúrọ́ọ̀mù 256 ló gbé e, òjò ńlá wó o ní oṣù Kẹfà 2016. Kúnlé Adéyẹmí tó yà á kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó tún un yà, irú rẹ̀ ti dúró ní Venice, ní Bruges, ní Chengdu, àti ní Mindelo ní Cape Verde. Àwa tí ọ̀sà wà lẹ́yìn ilé wa la ń ra kúùbù láti Ṣáínà.

Ìyá Ẹlẹ́ja Olúwo

Ẹ̀yin ọkùnrin ń ṣírò afẹ́fẹ́, ta ló ń ṣírò abọ́ ẹja tó wà lórí mi?

Ike yẹn ń yọ̀ bí omi ẹja bá kán sí i. Mo tẹ irú rẹ̀ rí nígbà tí mo bá wọn débi kan ní Lẹ́kí, sálúbàtà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mí sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tí ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun, kí ẹ sì ṣe ọwọ́ irin sí apá kan, apá kan péré, kí ọkọ̀ lè sún mọ́ apá kejì. Afárá tó wá láti orí ilẹ̀ sórí jẹ́tì ńkọ́? Bí omi bá fà ní ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ láti òkè. Ẹ jẹ́ kó gùn dáadáa. Èyí tó bá kúrú ló ń gbé èèyàn ṣubú.

Ọmọ Etí Ọ̀sà, Ẹ̀pẹ́

Ìyá wa, ẹ ṣé gan-an. Lóòótọ́, kò sí afárá nínú iye tí wọ́n fi ránṣẹ́.

Atukọ̀ Àtijọ́, Ìkòròdú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n mú ti bọ́ì àti ti ráàfù, nítorí wọ́n ti fò ó.

Ẹ má ra bọ́ì lójú àwòrán. Láti 1980 ni ayé ti fohùn ṣọ̀kan lórí àwọ̀ bọ́ì, tí wọ́n sì pín ara wọn sí Ẹkùn A àti Ẹkùn B. Áfíríkà, Yúróòpù àti Ṣáínà wà ní A: bí ọkọ̀ bá ń ti òkun bọ̀ wálé, pupa máa wà lọ́wọ́ òsì, àwọ̀ ewé lọ́wọ́ ọ̀tún. Amẹ́ríkà ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, Jàpáánù, Kòríà àti Fílípíìnì wà ní B, òdìkejì gbáà. Ẹni tó bá rí bọ́ì tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ní pọ́ọ́kú, tó ní òun á kàn tún un kùn, kò tíì mọ ohun tó rà. Ìrísí wọn yàtọ̀. Níbí, pupa ló ń rí bí agolo, àwọ̀ ewé ló ń ṣẹnu ṣóńṣó. Lọ́hùn-ún, pupa ló ń ṣẹnu ṣóńṣó. Nígbà ọyẹ́, kí atukọ̀ tó rí àwọ̀, ìrísí ló máa kọ́kọ́ rí láti òkèèrè. Bọ́ì tí àwọ̀ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kan tí ìrísí rẹ̀ ń sọ òmíràn, ó sàn kó má sí níbẹ̀.

Àti pé, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń gbé bọ́ì pupa àti ti ewé sójú ọ̀nà omi. NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀nà omi, ni, láti òfin 1997, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Kìíní 2024. Jẹ́tì fúnra rẹ̀ náà nílò ìyọ̀ǹda wọn. LASWA, àjọ ọ̀nà omi ti ìpínlẹ̀ Èkó, wà létí omi Èkó lójoojúmọ́, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn méjèèjì kí ẹ tó ra nǹkan kan, kí ẹ fi àwòrán ibi tí jẹ́tì máa wà mọ́ ọn. Ohun tí ẹ lè tọrọ fúnra yín ni bọ́ì yẹ́lò, tí wọ́n ń fi sàmì sí àgò ẹja tàbí ibi iṣẹ́, kí iná yẹ́lò wà lórí rẹ̀. Iná yẹn ṣe pàtàkì ní Ẹ̀pẹ́ o. Igi gẹdú tí wọ́n dì pọ̀ láti ìhà Oǹdó ṣì ń gba orí ọ̀sà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń là á ní Èkó, ọkọ̀ tó ń fà á kò lè dúró lójijì. Bó bá gbá jẹ́tì yín lóru, kúùbù àti dúrọ́ọ̀mù, ọ̀kan náà ni.

Ó ku láìfù ráàfù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọjà yìí. Ráàfù tó péye fún ọkọ̀ òkun, wọ́n ṣe é kó lè wà lójú omi fún ọgbọ̀n ọjọ́, kí wọ́n lè jù ú láti mítà 18 kó má bàjẹ́. Ta ló ń wà lórí ọ̀sà fún ọgbọ̀n ọjọ́? Gáàsì inú rẹ̀ ló ń fẹ́ ẹ, torí bẹ́ẹ̀ ẹrù eléwu ni wọ́n kà á sí, nọ́ńbà rẹ̀ ni UN 2990, ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bó bá sì dé, ọdọọdún ni kí ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n fọwọ́ sí kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ráàfù tòkunbọ̀ tí wọ́n ń yọ lára ọkọ̀ tí wọ́n ń tú pọ̀ lọ́jà, funfun nigín-nigín nínú àgbá rẹ̀, ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ sì ti kọjá tipẹ́.

Owó ráàfù méjì yẹn, ẹ fi ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ìjókòó, kí ti ọmọdé wà níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá àmì Yúróòpù tó rí bí kẹ̀kẹ́ ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ ojú omi wà lára rẹ̀. Kí ẹ sì tẹ fọ́ọ̀mù inú rẹ̀: èyí tó bá ṣe kírikíri bí ìdì búrẹ́dì, ẹ dá a padà.

Ará Àgbádárìgì

Ẹ dárí jì mí, mo fẹ́ gba ojú òpó yìí sí apá ibòmíràn díẹ̀. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ohun tó ń wọlé. Èyí tó ń jáde ńkọ́?

Àwa níbí ń ṣe àgò ẹja tó ń léfòó, páìpù dúdú tí a yí ká, àwọ̀n nínú. Àwọn ará Pọ́tọ̀nóòfò àti ti orí odò Nọ̀kúé ní Bẹ̀nẹ̀ ń béèrè fún un, wọ́n mọ iṣẹ́ omi, àkájà, ìyẹn ẹ̀ka igi tí wọ́n ń gún sínú omi kí ẹja lè kó síbẹ̀, ni wọ́n ti ń dá láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ń gbé e kọjá Sẹ̀mẹ̀ láìsí ìwé, tí wọ́n á sì máa dúró níwájú gbogbo igi tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà. Ètò ETLS ti ECOWAS wà fún irú èyí. Bí ó kéré tán 60% ohun èlò rẹ̀ bá jẹ́ ti ilẹ̀ ECOWAS, tàbí tí iṣẹ́ tí ẹ ṣe sí i bá fi ó kéré tán 30% kún iye rẹ̀, ẹ lè forúkọ ọjà yín sílẹ̀, kó wọ Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò láìsan owó ibodè níbẹ̀. Báńkì á ṣe NXP, ìwé ọjà tó ń jáde, fún yín láti apá tiwa. Nọ́ńbà 8907.90 tí Ajẹ́ntì dárúkọ yẹn náà ni kí ẹ kọ, kí Kọ́sítọ́ọ̀mù méjèèjì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Wẹ́dà, bí mólùdù tí ẹ sọ yẹn bá di òótọ́, ẹ kà mí mọ́ ọn. Mo mọ ẹni tó máa ra kúùbù lọ́hùn-ún.

Ajẹ́ntì Tín-Káàn

Ọ̀rọ̀ gidi nìyí. Ẹ má gbàgbé pé páìpù tí wọ́n kó wọlé kì í ṣe ohun èlò ilẹ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà Àgbádárìgì lẹ ti rà á. Ìṣirò 30% yẹn ni kí ẹ gbájú mọ́.

Ọmọ Etí Ọ̀sà, Ẹ̀pẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sétí ìgbìmọ̀. Ráàfù ti jáde. Bọ́ì pupa àti ewé ti jáde, a máa kọ lẹ́tà sí NIWA àti LASWA fún yẹ́lò méjì. Ní ti jẹ́tì, Alhaji tó jẹ́ alága wa ní ká ra kúùbù fún mítà 8 níwájú, níbi tí ọkọ̀ ń so mọ́, kí Wẹ́dà ṣe mítà 12 tó kù ní irin àti dúrọ́ọ̀mù. Àwọn kan ń kùn, wọ́n ní kò ní dọ́gba lójú. Ìyá ẹlẹ́ja kan dá wọn lóhùn pé ẹja kì í wo ojú jẹ́tì.

Mítà 8 lọ́nà 3 jẹ́ kúùbù 96, kò lè kún kọ̀ǹténà. Ṣé ká bá àwọn ẹlòmíràn pín ààyè? Ìdákọ̀ró ńkọ́? Ará Ṣáínà ní kí a ra tiwọn mọ́ ọn.

Ajẹ́ntì Tín-Káàn

Ẹ lè pín ààyè, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tí ẹ jọ wà nínú rẹ̀. Bí ẹrù ẹnì kan bá ní wàhálà, gbogbo kọ̀ǹténà ló máa dúró. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè jẹ́ kó gba èbúté Lẹ́kí wọlé. Láti 2023 ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì sún mọ́ Ẹ̀pẹ́ ju Apápá lọ gan-an. Owó tírélà tí ẹ máa fi pamọ́ kì í ṣe kékeré. Ní ti sísan, 30% ṣáájú, ìyókù nígbà tí ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò tí kì í ṣe tiwọn bá ti kà á tó ti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà.

Wẹ́dà Ìpakòdò, Ìkòròdú

Ìdákọ̀ró láti Ṣáínà kẹ̀? Ẹ máa sanwó ọkọ̀ fún òkúta báyìí? Ẹ da kọnkéré sínú táyà tírélà, kí ẹ fi òrùka irin sáàrin rẹ̀ kó tó gan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kọnkéré ń fúyẹ́ nínú omi: èyí tó jẹ́ tọ́ọ̀nù kan lórí ilẹ̀ kò ju bíi kílò 580 lọ bó bá wọ omi. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé tọ́ọ̀nù kan ló máa di jẹ́tì mú ní igun kọ̀ọ̀kan, ẹ da méjì. Ẹ̀wọ̀n irin ni kó wà nísàlẹ̀, okùn lókè, kí ó gùn tó pé bí ọ̀sà bá kún dé ibi tó kún dé jù ní oṣù Kẹwàá, kò ní fa jẹ́tì mọ́lẹ̀.

Kí ẹ tó pàṣẹ kúùbù 96 yẹn, ẹ fi ìwọ̀n ojú pínnì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni mo máa ṣe etí irin tó máa bá a so pọ̀, bí sẹ̀ǹtímítà kan bá yẹ̀, kò ní wọlé.